Jókòó, Àṣàkẹ́: Ẹ̀yin Méjèèjì Lẹ Jọ Jẹ́ Olórí

Brooklin, Canada,
Àárọ̀ Sátidé.

Dàmọ́lá ọmọ mi, Àṣàkẹ́ mi,

Kú oríire o! Mo ti kí ọ lórí fóònù, mo tún ń kí ọ nínú ìwé, bí mo bá sì fojú kàn ọ́, màá tún kí ọ títí yóò fi sú ọ. Láti ọjọ́ tí o ti pè pé wọ́n fi ìwọ àti Auntie Ṣadé ṣe olórí gbogbo nọ́ọ̀sì ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ní Toronto, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Mo jó yí kíṣìnnì ká títí bàbá rẹ fi ní kí n rọra, pé orúnkún mi kì í ṣe orúnkún ọmọge mọ́. Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́, ọmọ ta ló di ọ̀gá? Ló bá dìde, òun náà jó. Mo ti sọ fún gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ fún ìyá ará India tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa, kò sì bi mí. Ọkùnrin tó wá bá wa pààrọ̀ táyà ọkọ̀ sí winter tyres náà gbọ́ tirẹ̀, ó sì kí mi kú oríire kó tó lọ.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tí o pè mí sọ ní Ọjọ́bọ̀ fi já mi láyà. O ní tó bá di ọjọ́ Ajé, wàá lọ dá ipò náà padà, kí Auntie Ṣadé máa dá a ṣe. O ní, "Mummy, she's not my mate." Háà! Ẹnu mi ti là láti fèsì, mo tún pa á dé. Mo mọ ìwọ ọmọ yìí. Bí mo bá sọ gbólóhùn kan, wàá ti sọ "I know, Mummy, I know" kí n tó mí. Ṣùgbọ́n o ò lè já lu ìwé. Nítorí náà, po tíì rẹ, jókòó ti fèrèsé rẹ ní Port Credit níbẹ̀ yẹn, kí o fara balẹ̀ kà á dópin.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo gbọ́, kí o lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ yé mi. Auntie Ṣadé ló gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀ nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi iṣẹ́ yẹn. Òun ló kọ́ ọ bí a ṣe ń gbé arúgbó dìde láìdá ara ẹni lẹ́yìn, òun náà ló kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tan bàbá tó máa ń tu oògùn dànù. Ó jù ọ́ lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. O ń pè é ní Auntie, o sì ń kúnlẹ̀ kí i ní kọ́rídọ̀ lójú gbogbo òyìnbó. Wọ́n wá fi ẹ̀yin méjèèjì sí ipò kan náà, wọ́n sì gbé àga méjì síwájú ní mítíìnì àkọ́kọ́. Auntie jókòó. Ìwọ dúró sẹ́yìn rẹ̀, o gbé báàgì rẹ̀ dání, àga kejì sì ṣófo. Nọ́ọ̀sì kan bi ọ́ pé ta ni yóò wà ní shift Sọ́ńdè, o ní, "Ask Auntie." Ọmọ ìyá àgbà kan béèrè ìgbà tí dókítà máa rí ìyá òun, o ní, "Ask Auntie." Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti ń pè ọ́ ní assistant Auntie Ṣadé, ó sì dùn ọ́ wọra. Auntie fúnra rẹ̀ wá ń fajú ro, kò bá ọ rẹ́rìn-ín mọ́. Ìwọ sì parí èrò sí pé inú ló ń bí i, nítorí pé wọ́n sọ ọ́ di ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àṣàkẹ́, ibi tí o fojú sí, ọ̀nà ò gba ibẹ̀. Màá fi ibi tí ọ̀nà gbà hàn ọ́, ṣùgbọ́n kò tíì kan ibẹ̀.

Gbogbo ìkúnlẹ̀ àti báàgì gbígbé yìí, ẹ̀kọ́ ilé tí mo fi tọ́ ọ ni, mi ò sì ní tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó dàgbà sí Canada tó ṣì mọ bí a ṣe ń kí àgbà, ṣé wọ́n ń tà á lọ́jà ni? Èmi ni mo ṣe iṣẹ́ náà, mo sì mọ̀ pé mo ṣe é dáadáa. Àmọ́ ẹ̀kọ́ náà ti ń jẹ́ iṣẹ́ tí mi ò rán an, ó sì yẹ kí n pè é padà.

Èkíní, mọ orúkọ tí ipò rẹ ń jẹ́. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Igbákejì ni ẹni tó ń dúró de ọjọ́ tí ọ̀gá ò bá sí nílé. Olùrànlọ́wọ́ ni ẹni tó bá ọ fọwọ́ kan ẹrù rẹ, ẹrù yẹn kì í ṣe tirẹ̀, ó lè gbé e sílẹ̀ kó máa lọ ilé. Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ẹni tó ń tẹ̀lé ọ̀gá kiri. Ìwọ kì í ṣe ìkankan nínú wọn, bí o tilẹ̀ ń gbé báàgì. Alájọdarí ni ọ́. Àwọn tó yàn yín fi "co" kékeré kan síwájú oyè yẹn, o sì rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o. Ẹni méjì tó jọ ru ẹrù kan ni alájọdarí. Bí ọ̀kan bá tú ọwọ́ sílẹ̀, bó jẹ́ ọ̀wọ̀ ló mú kó tú u sílẹ̀, bó jẹ́ ọ̀lẹ ni, ọrùn ẹnìkejì ni ẹrù ń wọ̀.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé mo ti jẹ́ ẹ rí. Jẹ́ kí n sọ ti èmi àti Màmá Olú fún ọ.

O kéré nígbà náà, Scarborough la ń gbé. Gbogbo àwa òbí tó jẹ́ Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ní ìṣòro kan náà: a ó fi Yorùbá pe ọmọ, ọmọ á fi òyìnbó dáhùn. A bá pinnu pé ká dá kíláàsì Yorùbá sílẹ̀ ní àràárọ̀ Sátidé. Wọ́n yan Màmá Olú láti darí rẹ̀, wọ́n sì yan èmi náà mọ́ ọn, torí pé àwọn àgbà ò ní gbọ́ tèmi, àwọn ọ̀dọ́ ò sì ní gbọ́ ti Màmá. Màmá Olú ti tọ́ ọmọ, ó ti tọ́ ọmọ-ọmọ. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé, ẹnu mi mú bí abẹ.

Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ lórí ohun tí wọn yóò máa pè wá. Alàgbà kan dìde, ó ní kò sí wàhálà níbẹ̀, kí Màmá jẹ́ alága, kí Ìyá Dàmọ́lá jẹ́ igbákejì. Màmá Olú bọ́ awò ojú rẹ̀. "Igbákejì ta ni? Ṣé ẹ ti gbọ́ pé mo fẹ́ kú ni, tí ẹ fi ń wá ẹni tó máa gba ipò mi?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Alàgbà ò dákẹ́, ó ní àwọn àgbà bọ̀ wọ́n ní àgbò méjì kì í mu omi nínú akèrègbè kan náà. Màmá ní, "Ta ni àgbò níbí? Obìnrin lẹ yàn. Àwọn àgbà kan náà ló ní ènìyàn kan kì í jẹ́ àwá dé. Bí a bá dé ibẹ̀, àwá dé la fẹ́ máa jẹ́." Ọ̀rọ̀ parí. Alájọdarí ni wọ́n ń pè wá láti ọjọ́ náà, orí mi sì wú bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè ìlú.

Oṣù yìnyín dé. Ọkùnrin tó ń bójú tó gbọ̀ngàn tí a ń lò pè mí pé ẹgbẹ́ mìíràn ń béèrè fún àárọ̀ Sátidé wa, bí a bá ṣì fẹ́ ẹ, ká fún òun lésì kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Kí ni mo ṣe? Mo pe Màmá Olú. Mo ní, "Ẹ gbọ́ nǹkan tí ọkùnrin yẹn wí, mà." Ó ní, "Mo gbọ́, ọmọ mi, o ṣé." Mo sọ fóònù kalẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Mo ti sọ fún àgbà, àgbà ló kù kó sọ̀rọ̀, mi ò ní fẹnu mi ṣáájú tirẹ̀. Màmá Olú náà jókòó sílé rẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Lójú tirẹ̀, èmi ni wọ́n pè, èmi ni mo gbọ́ òyìnbó yékéyéké, kò sì fẹ́ kó dà bí pé òun ń rán mi níṣẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Ó ń bọ̀wọ̀ fún mi, èmi náà ń bọ̀wọ̀ fún un. Ọjọ́ Ẹtì gba iwájú àwa méjèèjì kọjá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Àárọ̀ Sátidé, a kó àwọn ọmọ dé, àwọn kan sì ti wà nínú gbọ̀ngàn wa tí wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń jó ijó alájọjó. Snow ń bọ́. Àwọn òbí dúró síta, wọ́n ń wo ojú wa. Ìwọ náà wà níbẹ̀, imú rẹ ń ṣàn, o ń fà mí láṣọ pé kí a máa lọ sílé.

Màmá Olú yíjú sí mi. "Ṣé o ò dá ọkùnrin yẹn lóhùn ni?"

"Mo rò pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ dá a lóhùn ni, mà."

"Èmi kẹ̀? Ìwọ ni ọkùnrin náà pè!"

A wo ara wa. Mo ti ń retí ìbínú, ṣùgbọ́n obìnrin yẹn bú sẹ́rìn-ín nínú òtútù yẹn, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní, "A ti fi ọ̀wọ̀ ba iṣẹ́ jẹ́. Ó yá, ìwọ ẹlẹ́nu abẹ, wọlé lọ bá ọkùnrin yẹn. Èmi á kó àwọn ọmọ." Ló bá kó gbogbo yín sọdá títì lọ sí ilé kọfí kan, ó bá onílé kọfí sọ̀rọ̀, ó to àwọn ife sórí tábìlì, ó sì ń fi wọ́n kọ́ yín ní ení, èjì, ẹ̀ta. Wọ́n ní kí n tó dé, àwọn tó wá mu kọfí ti ń bá yín kà á.

Èmi wọlé. Dàmọ́lá, mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn! Mo bẹ ọkùnrin náà, mo fọ̀rọ̀ gún un, mo bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ gbọ́ èdè ìyá tó bí òun. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní gbọ̀ngàn ti lọ, ṣùgbọ́n yàrá ńlá kan wà lókè tó ní fèrèsé yíká, tí ẹnikẹ́ni kì í lò ní Sátidé. Ṣé a fẹ́ ẹ? Kò sí Màmá Olú níbẹ̀ tí mo lè wò lójú. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, a fẹ́ ẹ." Mo sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Mo sọdá títì lọ bá wọn. Mo ti fi ẹnu ẹni méjì sọ̀rọ̀, èmi nìkan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán ni Alàgbà ọjọ́ kìíní fò dìde ní ilé kọfí pé, "Ta ló ní kí o gbà á? Ṣé o bi ẹnikẹ́ni?" Màmá Olú ò tilẹ̀ jẹ́ kí n la ẹnu. Ìgbà yẹn gan-an ni òun náà ń gbọ́ ọ, ó gbé ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Àwa la gbà á." Alàgbà jókòó. Ọmọ mi, mo ti gba ẹ̀bùn láyé yìí, mi ò tíì gba èyí tó tó gbólóhùn yẹn. Nígbà tó wá ku àwa méjì nínú ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bò mí: ṣé mo wo ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà? Ṣé àwọn ọmọ kéékèèké lè dá gun àtẹ̀gùn yẹn? Mi ò wò ó. Ó ní kí n padà lọ béèrè, mo sì lọ.

Yàrá òkè yẹn ni kíláàsì náà wà títí dòní. Àwọn ọmọ tí a kọ́ níbẹ̀ ti ń mú ọmọ tiwọn wá. Ìwọ tó ń ka lẹ́tà yìí láìbi ẹnikẹ́ni, pẹ̀lú àmì orí àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbẹ̀ lo ti kọ́ ọ. Iṣẹ́ ọwọ́ èmi àti Màmá Olú ni, kì í ṣe tèmi nìkan, kì í ṣe ti Màmá nìkan. A ṣẹ́gun!

Ó yá, padà sọ́dọ̀ ara rẹ.

Èkejì nìyí: fi ọ̀wọ̀ sínú ìkíni, má fi sínú iṣẹ́. Bí o bá dé láàárọ̀, kúnlẹ̀ kí Auntie Ṣadé. Kúnlẹ̀ dáadáa, má ṣe èyí tí orúnkún ò ní kan ilẹ̀. Tí o bá ti kí i tán, dìde, kí o lọ jókòó sórí àga rẹ. Máa pè é ní Auntie títí ayé. Auntie tí ẹ jọ ń darí ni.

Ẹ̀kẹta, nǹkan tó bá kọ́kọ́ kàn ọ́, ìwọ ni kó o dáhùn. Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n bi nípa shift Sọ́ńdè, dáhùn, kí o wá sọ fún un lẹ́yìn náà pé báyìí ni mo wí. Bí o ò bá mọ̀ ọ́n lóòótọ́, sọ pé ẹ máa fún wọn lésì, kí o lọ wádìí. Ṣùgbọ́n "Ask Auntie" yẹn, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Auntie mọ bí a ṣe ń bá ẹbí tí inú ń bí sọ̀rọ̀, ìwọ sì mọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to shift, èyí tó sọ pé ó máa ń da òun lórí rú. Ta lo fẹ́ kó wá ṣe tìrẹ fún ọ?

Ẹ̀kẹrin: ẹ jà nínú yàrá. Síta, ẹnu kan. Bí ó bá ṣe ohun tí o ò fẹ́, ti ilẹ̀kùn, fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n sọ ọ́. "Auntie, ẹ jọ̀ọ́, èyí ò tẹ́ mi lọ́rùn." Kò sí àgbà gidi tí gbólóhùn yẹn máa pa. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, "àwa" ni. Bí wọ́n bá yìn yín, àwa. Bí wọ́n bá bú yín, àwa náà ni, má ṣe wá sọ pé "èmi kọ́, Auntie ni." Ìgbà ìbúni la ń mọ alájọdarí tòótọ́.

Àwọn nọ́ọ̀sì yóò tún gbìyànjú láti pín yín. Ẹni tí Auntie bá kọ ìsinmi fún yóò wá sọ́dọ̀ rẹ pẹ̀lú ẹ̀rín, kó wá béèrè bíi pé kò tíì béèrè níbì kankan. O mọ ọgbọ́n yẹn dáadáa. Ṣé ìwọ kọ́ lo máa ń tọrọ bisikíìtì kí oúnjẹ tó jinná, tí mo bá ní rárá, tí wàá rọra lọ bá bàbá rẹ ní pálọ̀? Bàbá rẹ ò sì béèrè rí kó tó fún ọ, òun ló bà ọ́ jẹ́. Ìwọ máa béèrè o: "Kí ni Auntie Ṣadé wí?"

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Wọn ò sọ pé ọmọdé dúró sẹ́yìn àga àgbà, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n.

Mo wá dé ibi tí ọ̀nà gbà báyìí. Lánàá, Auntie Ṣadé pè mí. Má bínú, èmi kọ́ ni mo pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù ti wà lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Mummy Dàmọ́lá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ ọmọ yín. Gbogbo nǹkan, Auntie. Shift, Auntie. Dókítà, Auntie. Iná tó kú ní kọ́rídọ̀, Auntie. Mi ò rí ọ̀sán jẹ mọ́, mà. Ó fẹ́ fi Auntie pa mí ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ojú tó fà ro tó ń já ọ láyà yẹn, àárẹ̀ ni, ọmọ mi. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó ń ru ẹrù ẹni méjì, ẹni tó yẹ kó bá a rù ú sì ń gbé báàgì rẹ̀ dání.

Mo bá bi í ní tààrà. Mo ní, "Ẹ dákun, ṣé kò dùn yín pé wọ́n fi ọmọ kékeré bá yín dọ́gba?"

Ohun tó wá sọ, ó ní kí n má sọ ọ́ fún ọ. Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò sọ pé mo gbà. Ó ní òun nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Òun nìkan ni wọ́n gbé ipò náà fún, odindi, láìsí ẹnìkejì. Òun ló ní rárá. Ó ní, "Mo sọ fún wọn pé bí wọn ò bá fi Dàmọ́lá mọ́ mi, kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Èmi ni mo béèrè fún un, mà. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé àga kejì wá."

Èmi ni ìyá rẹ tó ń fi ọ́ yangàn kiri Brooklin,
Ìyá Dàmọ́lá.